Kíka ìwé àyẹ̀wò oorun, àti bí a ṣe ń bẹ̀rẹ̀ sí í sùn pẹ̀lú ẹ̀rọ PPC

Ìwé àbájáde àyẹ̀wò oorun kì í gùn. Ojú ewé méjì tàbí mẹ́ta ni, Faransé ni wọ́n fi kọ ọ́, àwòrán ìlà tó ń gòkè tó ń sọ̀ ló sì kún ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ẹni tó gbà á, tó ń gbé e padà lọ sí Àjàṣẹ́, sí Kétu tàbí sí Ṣábẹ̀, kì í wò ju iye kan ṣoṣo lọ, èyí tó wà níwájú lẹ́tà mẹ́ta: IAH, ìyẹn iye ìgbà tí èémí rẹ̀ dá tàbí dín kù láàárín wákàtí kan lójú oorun. Bó bá kéré, á ní Ọlọ́run ṣeun. Bó bá pọ̀, ara rẹ̀ á bù máṣọ. Iye yẹn ṣe pàtàkì lóòótọ́, ṣùgbọ́n òun nìkan kọ́ ló ń sọ bí ọ̀rọ̀ ṣe rí. Àwọn méjì tí IAH wọn dọ́gba lè má sí nínú ewu kan náà rárá. Bí wọ́n bá sì ti ní kí èèyàn máa lo PPC, ẹ̀rọ tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí imú kí ọ̀fun má baà dí lóru, ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ ló sábà máa ń pinnu bóyá á máa lò ó, tàbí ẹ̀rọ náà á wọ inú kọ́bọ́ọ̀dù lọ. Ọ̀rọ̀ méjèèjì yìí la fẹ́ tú wò.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lóru

Bí a bá sùn, iṣan ọ̀fun máa ń dẹ̀. Lára àwọn kan, ó ń dẹ̀ jù: ìdí ahọ́n á fà sẹ́yìn, ẹran ọ̀fun á pàdé ara wọn, ọ̀nà afẹ́fẹ́ á dín tàbí kó dí pátápátá. Àyà ń fà, ikùn ń fà, afẹ́fẹ́ ò wọlé. Ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílẹ̀, títí ọpọlọ á fi ta ẹni náà jí díẹ̀. Á fa èémí ńlá kan pẹ̀lú ariwo, ọkàn rẹ̀ á sáré, á sì tún sùn lọ. Jíjí náà kúrú débi pé kò ní rántí rẹ̀ lówùúrọ̀. Ó lè ṣẹlẹ̀ nígbà ogún, ọgbọ̀n, kódà ọgọ́ta láàárín wákàtí kan, kó sì máa lọ bẹ́ẹ̀ títí ilẹ̀ á fi mọ́. Apnée du sommeil ni àwọn dókítà wa ń pè é.

Ẹni tí wọ́n jọ ń sùn ló máa ń kọ́kọ́ mọ̀. Á gbọ́ híhanrun, á gbọ́ ìdákẹ́rọ́rọ́ tó pẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ, lẹ́yìn náà á gbọ́ bí ẹni náà ṣe ta gìrì tó mí kanlẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ ilé, híhanrun ni wọ́n gbà pé ó ń fi hàn pé oorun wọra, ìdákẹ́ àti títa gìrì yẹn ni wọ́n sì ń kà sí iṣẹ́ àwọn ayé. Ìdí nìyẹn tó fi máa ń pẹ́ kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ dókítà. Àmì ọ̀sán náà wà: kí orí máa fọ́ni lówùúrọ̀, kí ẹnu gbẹ, kí a máa jí tọ̀ lẹ́ẹ̀mejì lẹ́ẹ̀mẹta lóru, kí ẹ̀jẹ̀ ríru má gbọ́ oògùn mẹ́ta, kí èèyàn máa tòògbé nídìí wáàsí, nínú ṣọ́ọ̀ṣì, tàbí lórí alùpùpù, èyí tó burú jù lọ. Lára àwọn obìnrin, ó lè má ju àárẹ̀ tí kì í lọ àti oorun tí kì í dúró lójú lọ. Wọ́n á ní ìrònú ni, tàbí ọjọ́ orí, wọ́n á sì fojú fò wọ́n dá.

Kì í ṣe àìsàn òyìnbó. Ìwádìí BeSAS, tí wọ́n ṣe ní Kútọ̀nù àti ní Tanvè tó jẹ́ ìgbèríko, tí wọ́n sì tẹ̀ jáde lọ́dún 2022, gbé ẹ̀rọ àyẹ̀wò lọ bá àwọn àgbàlagbà tó lé ní ẹgbẹ̀rún méjì nínú ilé wọn. Wọn ò ṣa aláìsàn, àwọn ará ìlú lásán ni. Síbẹ̀, ó lé díẹ̀ ní ẹnì kan nínú mẹ́wàá tí IAH rẹ̀ tó 15 tàbí tó jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Òru àyẹ̀wò fúnra rẹ̀

Oríṣi méjì ló wà, orúkọ èyí tí wọ́n ṣe á sì wà lókè ìwé. Polysomnographie ni èyí tí wọ́n ń lẹ wáyà mọ́ orí, mọ́ ẹ̀gbẹ́ ojú, mọ́ àgbọ̀n àti ẹsẹ̀, pẹ̀lú gbogbo ohun tó ń wọn èémí. Ó mọ ìgbà tí èèyàn sùn ní ti gidi àti ìgbà tó kàn dùbúlẹ̀. Polygraphie ventilatoire kò ní wáyà orí. Rọ́bà kékeré tó wọ ihò imú, ìgbànú kan láyà, òmíràn níkùn, iná pupa tó di ọmọ ìka mú, àti àpótí kékeré kan tó ń mọ̀ bóyá ẹ̀yìn ni a fi lélẹ̀ tàbí ẹ̀gbẹ́. Èyí ni a lè gbé lọ sílé, òun ló sì wọ́pọ̀ jù.

Iná orí ìka yẹn la fẹ́ kẹ́ ẹ tọ́jú dáadáa. Ó ń ta ìmọ́lẹ̀ gba inú èékánná àti ẹran ìka kọjá kó lè mọ bí ọ́síjìn ṣe pọ̀ tó nínú ẹ̀jẹ̀. Ọ̀dà èékánná á dí i lọ́nà. Èékánná tí wọ́n lẹ̀ mọ́ra á dí i. Làálì dúdú tó ki náà lè ṣì í lọ́nà. Ẹni tó ń bọ̀ láti ibi ìgbéyàwó, kó wá ìka kan tí kò kun, kó fọ̀ ọ́ pẹ̀lú ọṣẹ kí òrí tàbí ìpara má baà jẹ́ kó yọ̀, kó sì fi bándéèjì lẹ wáyà náà mọ́ ẹ̀yìn ọwọ́. Bó bá yọ lóru, ìlà ọ́síjìn á já, àyẹ̀wò náà á sì di àtúnṣe. Ó kéré tán, wákàtí mẹ́rin àkọsílẹ̀ tó mọ́ ni a nílò. Ẹ kọ aago tí ẹ sùn àti aago tí ẹ jí sórí ìwé. Ẹ má dá oògùn yín dúró fún àyẹ̀wò náà àfi bí dókítà bá ní kẹ́ ẹ ṣe bẹ́ẹ̀. Bó bá jẹ́ pé ẹ kì í mu sodabi (ògógóró) kí ẹ tó sùn, ẹ má mu ún lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

Iye tó wà lórí ìwé

Ká wá mú ìwé náà. Wọ́n á ka iye ìgbà tí èémí dá pátápátá fún ìṣẹ́jú-àáyá 10 ó kéré tán, apnée nìyẹn. Wọ́n á ka iye ìgbà tí èémí kò dá ṣùgbọ́n tó dín kù ní 30% ó kéré tán, fún ìṣẹ́jú-àáyá 10 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí ọ́síjìn sì lọ sílẹ̀ tàbí tí oorun já, hypopnée nìyẹn. Wọ́n á ro méjèèjì pọ̀, wọ́n á fi wákàtí pín in. Èsì rẹ̀ ni IAH. Bí kò bá tó 5 fún àgbàlagbà, wọ́n kà á sí dáadáa. Láti 5 dé ìsàlẹ̀ 15 ni wọ́n ń pè ní léger (díẹ̀), láti 15 dé ìsàlẹ̀ 30 ni modéré (ìwọ̀nba), láti 30 lọ sókè ni sévère (èyí tó le). Ti ọmọdé yàtọ̀ pátápátá: iye tó kọjá 1 ti tó láti ronú lé lórí, bẹ́lúbẹ́lú tó wú ló sì máa ń wà nídìí rẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà.

Ẹ fetí sí ọ̀rọ̀ wákàtí tí wọ́n fi pín yẹn. Polygraphie kò mọ ìgbà tí èèyàn sùn, nítorí náà wákàtí tí ẹ̀rọ fi ṣiṣẹ́ ló ń lò. Bí èémí ẹnì kan bá dá tàbí dín nígbà 90, tí ẹ̀rọ ṣiṣẹ́ fún wákàtí mẹ́jọ, IAH rẹ̀ á jẹ́ 11, wọ́n á ní léger ni. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé wákàtí márùn-ún péré ló sùn nínú mẹ́jọ yẹn, nítorí pé ìgbànú ń dà á láàmú, 18 ni òótọ́ ọ̀rọ̀, ó sì ti wọ modéré. Polygraphie tún máa ń pàdánù àwọn tí èémí wọn dín tí oorun wọn já láìjẹ́ pé ọ́síjìn lọ sílẹ̀. Nítorí náà, bí ìwé bá ní kò sí nǹkan, tí ẹni náà sì ń tòògbé lọ́sàn-án, tí aya tàbí ọkọ rẹ̀ sì ń rí i pé èémí rẹ̀ ń dá, àyẹ̀wò kò tíì parí. Polysomnographie ló kàn.

Lẹ́yìn náà, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ décubitus dorsal sí, ìyẹn ni ìgbà tí a fi ẹ̀yìn lélẹ̀. Ẹnì kan lè ní 34 nígbà tó fi ẹ̀yìn lélẹ̀, kó ní 6 nígbà tó fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀. Fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, kíkọ́ láti máa fẹ̀gbẹ́ sùn lè ṣe iṣẹ́ ńlá. Ẹ wo iye wákàtí tó lò ní ipò kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú: ẹni tó fẹ̀gbẹ́ sùn mọ́jú lọ́jọ́ àyẹ̀wò torí pé àpótí àyà kò jẹ́ kó rọrùn, iye tó gbà kì í ṣe iye òru yòókù.

Apnée obstructive àti apnée centrale kì í ṣe ọ̀kan náà. Nínú ti àkọ́kọ́, afẹ́fẹ́ dá ṣùgbọ́n ìgbànú àyà àti ti ikùn ń mì, ara ń jà. Nínú ti ìkejì, ìgbànú méjèèjì dúró jẹ́ẹ́: ọpọlọ ló gbàgbé láti pàṣẹ. Bí centrale bá lé ní ìdajì, ìbéèrè tó yẹ kí dókítà bèèrè yí padà: báwo ni ọkàn ṣe ń ṣiṣẹ́ sí, ṣé rọpárọsẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ rí, ṣé ẹni náà ń gbé tramadol mì. Èyí tó gbẹ̀yìn yìí kì í ṣe ìbéèrè ìtìjú. Ọ̀pọ̀ èèyàn tó ń ṣiṣẹ́ agbára ló ń rà á lọ́jà, ó sì máa ń pa àṣẹ èémí ní ọpọlọ. Ẹ sọ òótọ́ fún dókítà. Fún ẹni tí ọkàn rẹ̀ ti rẹ̀, irú ẹ̀rọ tí wọ́n máa yàn gba ìṣọ́ra: lọ́dún 2015, ìwádìí SERVE-HF fi hàn pé ẹ̀rọ kan báyìí tó ń bá èémí ṣe déédéé, tí wọ́n ń pè ní ASV, mú kí ikú àrùn ọkàn pọ̀ sí i láàárín àwọn tí ọkàn wọn kò lè fa ẹ̀jẹ̀ dáadáa mọ́ tí wọ́n sì ní apnée centrale.

Ọ́síjìn ló kàn, òun la sì máa ń wò pẹ́ jù. Iye mẹ́ta ló máa wà níbẹ̀: SpO2 moyenne (ìpíndọ́gba ọ́síjìn lóru náà), SpO2 minimale (ibi tó lọ sílẹ̀ dé jù), àti iye àkókò tí ó fi wà nísàlẹ̀ 90%, èyí tí wọ́n ń kọ bíi T90. Ẹni tó bá rí minimale 62% á pariwo, bẹ́ẹ̀ sì rèé iná ìka tó yọ fún ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta lè gbé irú iye bẹ́ẹ̀ jáde. T90 ṣòro láti tàn jẹ. Ẹni tí IAH rẹ̀ jẹ́ 22 tí T90 rẹ̀ jẹ́ wákàtí méjì ń kó wa lọ́kàn sókè ju ẹni tí tirẹ̀ jẹ́ 32 tí T90 rẹ̀ kò pé ìṣẹ́jú márùn-ún.

Ohun kan wà tó yẹ kí àwa tí a dúdú mọ̀ níbí. Iná ìka yẹn máa ń gbé iye ọ́síjìn ga díẹ̀ ju bó ṣe wà lọ lára awọ dúdú. Ìwádìí kan tí wọ́n ṣe láàárín àwọn aláìsàn ní Amẹ́ríkà, tó jáde lọ́dún 2020, fi hàn pé ọ́síjìn tó ti lọ sílẹ̀ tí iná náà kò rí fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́ta láàárín àwọn aláwọ̀ dúdú ní ìfiwéra pẹ̀lú àwọn aláwọ̀ funfun. Nítorí náà, bí ìwé bá sọ pé moyenne jẹ́ 92%, ẹ má kàn gbà pé ó dára. Ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ SS gbọ́dọ̀ sọ fún dókítà kí àyẹ̀wò tó bẹ̀rẹ̀, torí ọ́síjìn tirẹ̀ lè ti wà nísàlẹ̀ kí ó tó sùn rárá.

Nǹkan tó kẹ́yìn tí ó yẹ kí ó wà pẹ̀lú ìwé ni Epworth, ìbéèrè mẹ́jọ nípa bó ṣe rọrùn tó láti tòògbé: níbi tẹlifíṣọ̀n, nínú ọkọ̀, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ìdáhùn kọ̀ọ̀kan láti 0 dé 3, àpapọ̀ 24. Tó bá ti kọjá 10, oorun ọ̀sán náà ti pọ̀ jù. Kì í ṣe gbogbo ẹni tí IAH rẹ̀ ga ló ń tòògbé o, ẹ̀jẹ̀ ríru nìkan ló ń dààmú àwọn kan.

IAH, T90, ipò ìsùn, oríṣi apnée, Epworth, àti àìsàn mìíràn tó wà nílẹ̀: àwọn wọ̀nyí pọ̀ ni dókítà fi ń pinnu. Láti 30 lọ sókè, ìtọ́jú ló kù. Láàárín 15 sí 30, oorun ọ̀sán, ẹ̀jẹ̀ ríru, àìsàn ọkàn tàbí rọpárọsẹ̀ ló ń tì í sí ìhà ìtọ́jú. Nísàlẹ̀ 15 tí kò sí àmì kankan, wọ́n lè bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú dídín ara kù, fífẹ̀gbẹ́ sùn, àti fífi ọtí àti oògùn oorun sílẹ̀. Ìwádìí Wisconsin tó jáde lọ́dún 2000 rí i pé ẹni tó bá fi ìdá kan nínú mẹ́wàá ìwọ̀n ara rẹ̀ sílẹ̀, IAH rẹ̀ máa ń dín kù ní nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin. Ó dára gan-an, ṣùgbọ́n ẹni tó ní 48 kò lè jókòó máa retí kí ara kọ́kọ́ fọ́n.

Ẹ̀rọ náà

Pression positive continue, PPC. Colin Sullivan àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Sydney ló kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ jáde lọ́dún 1981. Afẹ́fẹ́ inú yàrá ni ó ń fà, ó ń fẹ́ ẹ gba rọ́bà sínú imú pẹ̀lú agbára tó mú ọ̀fun dúró ní ṣíṣí, bí afẹ́fẹ́ ṣe ń gbé táyà dúró kó má baà tẹ̀. Kì í ṣe ọ́síjìn o. Ó yẹ kí gbogbo ará ilé gbọ́ èyí, torí bí ìyá àgbà bá rí rọ́bà lójú ọmọ rẹ̀, ohun tó máa wá sọ́kàn rẹ̀ ni pé wọ́n ti gbé e sórí ọ́síjìn, pé ó ti di ẹni à ń ṣọ́. Ẹ jẹ́ kó fi ọwọ́ kan ẹ̀rọ náà, kó gbọ́ afẹ́fẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́, kí òru àkọ́kọ́ tó dé.

Agbára rẹ̀ wà láàárín 4 sí 20, cm omi ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n. Àwọn kan ń dúró sórí iye kan, àwọn mìíràn ń gòkè ń sọ̀ fúnra wọn láàárín ààlà tí dókítà fún wọn. Rampe ni bí ó ṣe ń bẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀ kí ó tó máa ga díẹ̀díẹ̀ nígbà tí oorun bá ń bọ̀. Ibẹ̀ ni ìṣòro kan ti ń wá tí àwọn èèyàn kì í mọ orúkọ rẹ̀: ẹni tó sanra tí ẹ̀rọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 4 á máa rò pé òun ò rí afẹ́fẹ́ tó, àyà rẹ̀ á já, á bọ́ ọ sílẹ̀. Kò níí ṣe pẹ̀lú ìbẹ̀rù. Ẹ ní kí wọ́n gbé ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ sí 6, á sì yàtọ̀.

Ìbòmú ló ń ba ìtọ́jú jẹ́ ju ẹ̀rọ lọ. Ọ̀kan ń bo imú nìkan, ọ̀kan ní ẹnu kékeré méjì tó wọ ihò imú, ọ̀kan ń bo imú àti ẹnu. Ẹni tí imú rẹ̀ ṣí, kó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ti imú. Èyí tó bo ẹnu máa ń jò jù, ó sì sábà máa ń gba agbára afẹ́fẹ́ tó ga jù. Bẹ́ẹ̀ ni kẹ́ ẹ ṣe wọ̀ ọ́: ẹ fọ ojú pẹ̀lú ọṣẹ, kí òrí tàbí ìpara kankan má sí lórí rẹ̀, torí ọ̀rá máa ń jẹ́ kí sílíkónì yọ̀, ó sì ń bà á jẹ́. Ẹ dùbúlẹ̀ sí ipò tí ẹ máa ń sùn sí, ẹ má wọ̀ ọ́ ní ìjókòó, torí ẹran ojú máa ń yí ipò padà bí a bá dùbúlẹ̀. Ẹ tan ẹ̀rọ. Ẹ fa ìbòmú síwájú díẹ̀ kúrò lójú kí afẹ́fẹ́ kún abẹ́ etí sílíkónì rẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ kó padà jókòó fúnra rẹ̀. Ìgbà yẹn lẹ tó máa fa okùn, ti òsì àti ti ọ̀tún pọ̀, títí tí kò fi ní jò mọ́. Ọmọ ìka méjì gbọ́dọ̀ lè wọ abẹ́ okùn. Ẹni tó bá fún un pa nítorí pé ó ń jò á rí i pé ó ń jò sí i, torí etí sílíkónì náà ti kákò; á sì jí pẹ̀lú egbò lórí igi imú. Bí afẹ́fẹ́ bá ń fẹ́ sójú, okùn òkè ló yẹ kẹ́ ẹ tún tò.

Irun dídì tí wọ́n kó jọ sẹ́yìn orí á máa ti okùn ẹ̀yìn sókè. Ẹ kó irun náà sókè kọjá ibi tí okùn gbà, tàbí kẹ́ ẹ fi gèlè tí kò ki wé orí kí okùn tó wá sórí rẹ̀. Irùngbọ̀n tó ki máa ń jò pẹ̀lú ìbòmú tó bo ẹnu. Alhaji tí kò fẹ́ gé e, kó lo èyí tó wọ ihò imú.

Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ẹ má dúró de òru. Ẹ wọ̀ ọ́ lọ́sàn-án fún bí ogún ìṣẹ́jú, ẹ jókòó, ẹ máa gbọ́ rédíò. Lọ́jọ́ kejì tàbí ìkẹta, ẹ fi sun oorun ọ̀sán. Bí ẹ bá bá a nílẹ̀ nígbà tí ẹ jí láàárín òru, ẹ tún un wọ̀, kò sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀. Ikùn tó wú tí a sì ń gùnfẹ̀ lówùúrọ̀ túmọ̀ sí pé a ń gbé afẹ́fẹ́ mì. Ẹ gbé orí sókè díẹ̀, ẹ sì sọ fún dókítà bóyá agbára rẹ̀ lè dín kù. Ẹnu tó gbẹ nígbà tí a ń lo ìbòmú imú túmọ̀ sí pé ẹnu ń ṣí.

Iná, omi, ẹ̀fọn, ọyẹ́

Iná máa ń lọ. Bó bá lọ, ẹni tó wọ ìbòmú kò ní kú: ihò tí èémí ń gbà jáde wà lára gbogbo ìbòmú, èyí tó bo ẹnu sì ní ìlẹ̀kùn kékeré tó ń ṣí fúnra rẹ̀. Èèyàn á jí, á sì bọ́ ọ títí iná á fi dé. Ṣùgbọ́n ẹni tí iná rẹ̀ ń lọ lóru lemọ́lemọ́ nílò bátìrì. Láìtan ìgbóná omi, ẹ̀rọ kan máa ń jẹ nǹkan bíi 30 W tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀. Wákàtí mẹ́jọ jẹ́ 240 Wh. Bátìrì 12 V, 100 Ah ní 1200 Wh, ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ti òjé, ìdajì rẹ̀ péré la gbọ́dọ̀ lò kó má baà tètè kú. Òru méjì nìyẹn, kí sólà tó tún kún un. Bí ẹ bá tan ìgbóná omi, jíjẹ rẹ̀ lè fò dé 60 W tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, òru kan ni bátìrì yẹn á sì gbé. Ẹ wo ẹ̀yìn ẹ̀rọ kẹ́ ẹ tó ra okùn bátìrì: àwọn kan ń lo 12 V, àwọn mìíràn 24 V, bí a bá ṣì í mú, ẹ̀rọ lè jóná. Régulateur, èyí tó ń mú kí iná dúró déédéé, láàárín ẹ̀rọ àti ògiri kì í ṣe àṣejù.

Omi tó wọ inú agbada ẹ̀rọ, eau distillée ni, omi tí wọ́n ti yọ iyọ̀ ilẹ̀ kúrò nínú rẹ̀. Omi kànga àti omi ọ̀rá ní iyọ̀ ilẹ̀, á fi funfun sílẹ̀ nídìí agbada. Bíbọ̀ ń pa kòkòrò, kì í yọ iyọ̀ yẹn. Ẹ má ṣe lo omi tí àwọn mẹkáníìkì ń dà sí bátìrì láé, torí ásíìdì wà nínú àwọn kan. Ní Àjàṣẹ́, nígbà òjò, afẹ́fẹ́ ti ní ọ̀rinrin tó, ọ̀pọ̀ èèyàn kò nílò omi rárá. Nígbà ọyẹ́ ní Kétu àti Ṣábẹ̀, láti December dé February, imú á gbẹ débi ẹ̀jẹ̀ láìsí i. Ẹ da omi àná nù láràárọ̀.

Ẹ̀rọ náà á fa ohunkóhun tó wà nínú yàrá. Kọ́ìlì ẹ̀fọn, oògùn tí a ń fín, tùràrí, ìwọ̀nyí kò gbọ́dọ̀ sún mọ́ ọn. Àpò ẹ̀fọn ni kẹ́ ẹ lò: ẹ̀rọ wà níta àpò, nísàlẹ̀ orí ibùsùn kí omi má baà ṣàn wọ imú, rọ́bà gba abẹ́ etí àpò wọlé, kí ẹ sì ki etí rẹ̀ mọ́ abẹ́ mátírẹ́ẹ̀sì. Fíltà tí a ń sọ nù, oṣù kan. Nígbà eruku ọyẹ́, ẹ wò ó lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, bó bá ti pọ́n, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Ọṣẹ tí kò lágbára àti omi lílọ́ wọ́ọ́wọ́ lẹ fi ń fọ etí ìbòmú lójoojúmọ́, rọ́bà lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Kò sí javel, kò sí ọtí, ẹ má sì sá a sí oòrùn.

Ẹ̀rọ àlòkù tó ń ti Yúróòpù wá pọ̀. Ẹ bèèrè wákàtí tó ti ṣiṣẹ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n yọ agbára tí wọ́n tò fún ẹni àkọ́kọ́ kúrò, ẹ sì wo nọ́ńbà rẹ̀: ní June 2021, Philips kó ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ rẹ̀ padà, títí kan DreamStation àkọ́kọ́, torí fóòmù tó ń pa ariwo nínú wọn lè bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ sínú afẹ́fẹ́ tí a ń fà. Ìbòmú àlòkù, ẹ má rà á.

Lẹ́yìn oṣù kan, ojú ẹ̀rọ tàbí káàdì inú rẹ̀ á sọ nǹkan mẹ́ta: wákàtí lóru, afẹ́fẹ́ tó jò, àti IAH tó ṣẹ́ kù. Wákàtí mẹ́rin fún òru méje nínú mẹ́wàá ni ìwọ̀n tó kéré jù tí àwọn dókítà ń gbà. Òru odindi ló dára. IAH tó ṣẹ́ kù yẹ kó wà nísàlẹ̀ 5. Bó bá ga tí jíjò náà pọ̀, ìbòmú lẹ máa tún ṣe. Bó bá ga tí kò sì jò, tí centrale ló pọ̀ níbẹ̀, dókítà ló máa wò ó, ẹ má fọwọ́ ara yín gbé agbára rẹ̀ sókè. Ẹ má dá oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru dúró nítorí pé ara ti ń yá. Ẹni tó ṣì ń tòògbé, kó má gun alùpùpù, kó má wakọ̀ lọ sí Pobè tàbí Ìdàásà. Lọ́jọ́ tí ẹ bá ń padà sọ́dọ̀ dókítà, ẹ gbé káàdì, ìbòmú fúnra rẹ̀, orúkọ gbogbo oògùn yín, àti ìwé àyẹ̀wò àkọ́kọ́ pẹ̀lú gbogbo ojú ewé rẹ̀ dání. Bó bá jẹ́ ojú ewé àkọ́kọ́ nìkan lẹ mú wá, wọn ò ní rí T90 níbẹ̀.